Ọ̀fun Ẹ́ńjìnnì

Tọ́ọ̀pù sìlíńdà náà wà lórí tábìlì onípákó lẹ́yìnkùlé ilé kan ní Diobu, nílùú Port Harcourt. Àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ojú rẹ̀ má baà ha. Ara Camry Orobo ni wọ́n ti tú u, ọkọ̀ Toyota tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1992 sí 1996, tí kò sì tíì kúrò lójú títì Ikwerre Road títí di òní. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ń jẹ́ 5S-FE: sìlíńdà mẹ́rin, fáàfù mẹ́rìndínlógún, 2,164 cc. Nígbà tó jáde nílé iṣẹ́, nǹkan bí agbára ẹṣin 130 ló ní. Ẹni tó ni ọkọ̀ fẹ́ kó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ṣetán láti ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Irin yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa, pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe sí i nínú ọgbà ilé, láìsí ilé iṣẹ́ ńlá.

Ẹ jẹ́ ká ti òkè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kòtò gbọọrọ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n jọ fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì: ọ̀kan fún àwọn fáàfù àbáwọlé, ọ̀kan fún ti àbájáde. Inú wọn ni kámúṣáàfù méjèèjì ti ń yí. Ọ́ìlì tó ti gbóná fún ọ̀pọ̀ ọdún ti kun ara kòtò náà ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó ń dán. Nísàlẹ̀ kòtò kọ̀ọ̀kan, ife irin róbótó mẹ́jọ jókòó sínú ihò wọn, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé irin pẹlẹbẹ tínrín kan, èyí tí kámúṣáàfù ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí fáàfù tó lè ṣí. Irin pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn kéré, ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n sọ́kàn, nítorí wọn yóò tún padà wá gba àkókò wa.

Bí ẹ bá wá yí i dojú sókè, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà gan-an nìyẹn. Yàrá iná mẹ́rin tò tẹ̀ léra. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fáàfù mẹ́rin yí ihò pílọ́ọ̀gì ká, méjì ńlá àti méjì tó kéré díẹ̀. Àwọn ńlá ni ti àbáwọlé, dúdú ni wọ́n, wọ́n sì lọ́ràá lọ́wọ́. Àwọn kékeré ni ti àbájáde, eérú ló bò wọ́n, ó sì gbẹ. Yí àwọn yàrá náà ká ni ihò omi àti ihò ọ́ìlì wà, àwọn kan róbótó, àwọn kan gbọọrọ, pẹ̀lú ihò bóòtù mẹ́wàá tó gba inú irin já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láàárín yàrá kejì àti ìkẹta, ìlà dúdú kan fà kọjá lórí álúmíníọ̀mù náà. Ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti já nìyẹn, tí iná ń gba inú yàrá kan bọ́ sí èkejì.

Ìlà dúdú yẹn ló jẹ́ kí irin náà wà lórí tábìlì. Ní Port Harcourt, àwọn tó ń tú tọ́ọ̀pù nítorí kí ọkọ̀ lè sáré kò pọ̀. Ooru ló máa ń tú u. Gósílóò á mú ọkọ̀ ní Rumuokoro, fáànù kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa, omi bóòhóòlù lásán ni yóò sì wà nínú rédíétọ̀. Omi tó ní iyọ̀ àti ìpẹtà irin nínú kì í bá álúmíníọ̀mù ṣọ̀rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ etí àwọn ihò omi, títí tí gásíkẹ́ẹ̀tì kò fi ní rí ibi jókòó lé mọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá hó, irin náà á ká, gásíkẹ́ẹ̀tì á sì já. Ọ̀nà méjì ló kù fún ọlọ́kọ̀: kó lọ sí Ikokwu, ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Mile 3 tí gbogbo ìlú mọ̀, kó lọ ra tọ́ọ̀pù tokunbo, tàbí kó gbé tirẹ̀ lọ fún ẹni tí yóò bá a sikíìmù ojú rẹ̀ kó tún tẹ́jú.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọjọ́ tí àìsàn bá ti gbé tọ́ọ̀pù wálẹ̀ ni ọjọ́ tó yẹ ká ronú nípa agbára rẹ̀. Owó gásíkẹ́ẹ̀tì ti di dandan, wàhálà títú u ti kọjá. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí iye tí wọ́n ń ta bẹntiróòlù sì fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ, kò sí ẹni tó ń wa ọkọ̀ nílùú yìí tí kò fẹ́ kí lítà kan ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ sí i. Tọ́ọ̀pù tó bá ń mí dáadáa ń fúnni ní agbára, kì í sì í ṣòfò epo láti fúnni.

Mo sọ pé ó ń mí, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdérí lásán ni, pé ìsàlẹ̀ tí písítìnì wà ni gbogbo agbára ti ń wá. Ṣùgbọ́n písítìnì kò lè rí agbára gbà lára ohun tí kò wọlé. Bẹntiróòlù kì í dá jó. Kí gíráàmù kan rẹ̀ tó jó tán, ó nílò afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rìnlá àti ààbọ̀. Epo kò ṣòro láti fi kún un. Afẹ́fẹ́ ni ìṣòro. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, kámúṣáàfù ń yí ní ìgbà 3,000, fáàfù kọ̀ọ̀kan sì ń ṣí, ó ń pa dé, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ìgbà tí písítìnì fi ń sọ̀kalẹ̀ láti fa afẹ́fẹ́ kò ju ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Láàárín ìgbà yẹn, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ 541 cc gba etí fáàfù méjì wọlé. Ohunkóhun tó bá dínà fún un, agbára ló ń jẹ.

Ojú ọjọ́ ìlú yìí gan-an kò ṣe ìrànlọ́wọ́. Òjò tó ń rọ̀ ní Port Harcourt ju 2,000 mílímítà lọ lọ́dún, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì máa ń gbóná, ó sì máa ń kún fún ọ̀rinrin fún oṣù púpọ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́ ju èyí tó tutù lọ, ooru omi tó wà nínú rẹ̀ sì ń gba àyè tí ọ́síjìn ì bá wà. Láti ìparí ọdún 2016 ni èédú dúdú tún ti ń bọ́ láti ojú ọ̀run sórí ìlú náà, tí àwọn olùgbé sì ń nù ún kúrò lórí fèrèsé àti aṣọ. Èédú kan náà ló ń wọ inú fílítà afẹ́fẹ́ ọkọ̀. Kí Orobo tó kúrò ní ẹnu ọ̀nà ilé, a ti yọ díẹ̀ kúrò nínú èémí rẹ̀.

Àwọn tó ń gun ọkọ̀ ojú omi láti Nembe Waterside lọ sí Bonny mọ ẹ́ńjìnnì Yamaha tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Èyí tó jẹ́ onílù-méjì (two-stroke) nínú wọn kò ní fáàfù kankan nínú tọ́ọ̀pù rẹ̀. Ara ògiri sìlíńdà ni wọ́n ti gbẹ́ ihò tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àti jáde. Tọ́ọ̀pù tirẹ̀ jẹ́ ìdérí lóòótọ́, iṣẹ́ orí rẹ̀ kò sì gùn. Ti Orobo kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ọ̀nà ti yà, tó ti tẹ̀, tó ti sọ̀kalẹ̀, omi sì ń ṣàn ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ògiri ọ̀nà náà.

Omi yẹn ni kò jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yọ́ dànù. Ooru iná inú yàrá náà ń kọjá 2,000°C nígbà tó bá ràn, bẹ́ẹ̀ álúmíníọ̀mù ń yọ́ ní 660°C. Mílímítà díẹ̀ ni irin tó wà láàárín iná àti omi. Fáàfù àbájáde ló ń jẹ ìyà jù, nítorí èéfín gbígbóná ń gba ara rẹ̀ kọjá, kò sì sí omi tó kàn án. Ìgbà tó bá pa dé, tó fara kan ìjókòó rẹ̀, ni ó ń rí ooru náà gbé fún irin tó yí i ká. Bí ìjókòó náà kò bá dán, tàbí tí kò fẹ̀ tó, fáàfù á jó létí. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kì í ṣe ẹwà ni à ń wá nígbà tí a bá ń lọ ìjókòó fáàfù.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà to irin yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1912 ni Peugeot gbé ọkọ̀ eré ìje kan jáde tó ní kámúṣáàfù méjì lókè àti fáàfù mẹ́rin fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, tí Georges Boillot sì fi gba ife-ẹ̀yẹ Grand Prix ilẹ̀ Faransé ní Dieppe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jules Goux fi Peugeot gba ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ọkọ̀ eré ìje ọdún yẹn ní ni Orobo tó ń kó ọmọ lọ síléèwé ní Rumuigbo ní lónìí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà, lẹ́tà tó wà nínú orúkọ ẹ́ńjìnnì sì ti sọ ọ́. F inú 5S-FE ni Toyota fi ń sàmì sí tọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe nítorí àtifi epo pamọ́: àwọn fáàfù rẹ̀ dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣánṣán, ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀ púpọ̀. G ni wọ́n fi ń sàmì sí èyí tí wọ́n ṣe nítorí agbára, tí Yamaha bá wọn ṣe, tí fáàfù rẹ̀ fẹsẹ̀ yà síra. Nínú ìdílé ẹ́ńjìnnì S yìí kan náà, 3S-GE tí wọ́n fi sínú Altezza lọ́dún 1998 ní agbára ẹṣin 210 láti inú lítà méjì péré, láìsí turbo. Kámúṣáàfù àti ìfúnpọ̀ (compression) kópa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀pù ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń gbé tọ́ọ̀pù ìdílé G lé orí bulọ́ọ̀kù 5S. Ẹni tó ni Orobo wa kò lówó ìyẹn. F tirẹ̀ ni yóò tún ṣe.

Ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ náà, ọmọ Ìṣẹ́yìn tó ti pẹ́ ní Diobu, kọ́kọ́ fi bẹntiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì onírin rírọ̀ fọ gbogbo rẹ̀. Ó tú àwọn fáàfù, ó sì gún ihò mẹ́rìndínlógún sára páálí kan, ó fi fáàfù kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀, nítorí fáàfù tó bá ti jókòó síbi kan fún ọ̀pọ̀ ọdún ti bá ibẹ̀ mọ́ra. Ó gbé rúlà irin títọ́ lé ojú tọ́ọ̀pù, ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun sí igun, ó sì ń ki géèjì tínrín bọ abẹ́ rẹ̀. Mílímítà 0.05 ni Toyota fàyè gbà pé ojú náà lè ká mọ. Èyí tó wà lórí tábìlì kọjá bẹ́ẹ̀. Sikíìmù ti di ọ̀ranyàn, ẹ̀rọ ńlá ló sì ń ṣe ìyẹn. Wọn yóò gbé e jáde tó bá yá. Ṣùgbọ́n ìparí ni sikíìmù yẹ kó wà, lẹ́yìn tí gbogbo iṣẹ́ gíríńdà bá ti tán, kí ẹnikẹ́ni má baà ha ojú tí wọ́n ti tẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ wà gan-an kò jìn ju gígùn ìka kan lọ. Ẹ ki ìka bọ ẹnu ìjókòó fáàfù, kí ẹ yí i ká lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀fun nìyẹn. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ti gbẹ́ apá òkè rẹ̀ róbótó, apá ìsàlẹ̀ sì ti wà bó ṣe jáde nínú èèlò tí wọ́n da irin yíyọ́ sí. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ní ìkángun kan tó ń gún ìka. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré bọ̀ á kọlu ìkángun yẹn, á fọ́nká, á máa lọ́ káàkiri dípò kó wọlé. Ọ̀gá fi gíríńdà kékeré tó ní eyín ńlá, tí wọ́n ṣe fún álúmíníọ̀mù, gé e kúrò. Ó ń ti eyín náà bọ kẹrosíìnì kí irin rírọ̀ má baà dí i. Ìyẹ́ irin funfun ń bọ́ sórí àpò sìmẹ́ńtì. Gbogbo ohun tó gé lára ọ̀fun kan kò kún ṣíbí tíì.

Lẹ́yìn èyí ló dé ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo irin yìí, ibi tí ilẹ̀ ọ̀nà náà ti tẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀ sí ẹnu fáàfù. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ ní gbọọrọ, ó sì gbọ́dọ̀ yà lójijì. Ọlọ́kadà tó bá sáré wọ kọ́nà ni afẹ́fẹ́ náà: ara á gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde, ẹ̀gbẹ́ inú á sì ṣófo. Bí ẹ̀gbẹ́ inú yẹn bá mú ṣánṣán, ìdajì ẹnu fáàfù ni yóò máa ṣiṣẹ́, ìdajì yóò wà lásán. Ẹni tí kò mọ̀ á fi gíríńdà gé ilẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀ kí ọ̀nà lè tóbi, á sì sọ kọ́nà náà di èyí tó burú sí i. Ọ̀gá kò gé e lọ sísàlẹ̀. Ó fi sánńpépà ká ìka rẹ̀, ó ń yí i róbótó, ó ń fi ìka kejì tọ́ ọ wò, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí tí igun náà fi di ìtẹ̀.

Mo bi í pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní í la ihò náà kó gbòòrò sí i ni?”

Ó mi orí. “Àbúrò mi, ihò tó bá gbòòrò jù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni. Wàá wá dé inú gósílóò Rumuola, ọkọ̀ ò ní lè fa ara rẹ̀.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Fáàfù àbáwọlé kì í pa dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí písítìnì bá dé ìsàlẹ̀. Ó máa ń dúró díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó ti ń sáré bọ̀ lè tún ti ara rẹ̀ wọlé kódà nígbà tí písítìnì ti ń gòkè padà. Eré tó wà lára afẹ́fẹ́ ni à ń jẹ èrè rẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá la ọ̀nà jù, eré náà á kú, èrè náà á sì lọ. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń bínú tí mo bá rí tọ́ọ̀pù tí wọ́n ti gbẹ́ bí ẹni ń gbẹ́ kànga, tí wọ́n sì dán inú rẹ̀ títí tó fi ń tàn. Dídán kò wúlò fún ọ̀nà àbáwọlé. Sánńpépà nọ́ńbà 80 tó fún un. Ọ̀nà àbájáde la lè dán, kí èédú má baà tètè rí ibi lẹ̀ mọ́. Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni omi tó ń ṣàn lẹ́yìn ògiri. Gíríńdà tó bá la ògiri náà já ti pa tọ́ọ̀pù náà.

Harry Weslake, ará Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì Jaguar XK tó jáde lọ́dún 1948, kò fi ojú díwọ̀n irú nǹkan yìí. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú tọ́ọ̀pù, ó sì ń wọn èyí tó kọjá. A lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku nínú ilé, ó sì ní rọ́bà funfun tí a lè rí inú rẹ̀, tó tẹ̀ ní ìrísí lẹ́tà U, tó rọ omi sí. Bí ẹ̀rọ bá ń fa afẹ́fẹ́ gba ọ̀fun kan, omi inú rọ́bà á gòkè lápá kan. Bí ó bá ṣe gòkè tó ni ìdíwọ́ ọ̀fun náà ṣe tó. Kò lè sọ fún un pé agbára ẹṣin mélòó ló jèrè. Ohun tó ń sọ fún un ni bóyá ọ̀fun àbáwọlé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọra, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí sìlíńdà tó ń mí kéré sí àwọn yòókù ni yóò máa fa gbogbo wọn sẹ́yìn. Ọ̀fun kan nínú yàrá kẹta ń gbé omi ga ju àwọn tó kù lọ. Ó padà sídìí rẹ̀ pẹ̀lú sánńpépà.

Ìjókòó fáàfù gba ẹ̀rọ àti ọwọ́. Ẹ̀rọ ló gé e sí igun mẹ́ta: ìwọ̀n 45 láàárín, níbi tí fáàfù ń fara kàn, pẹ̀lú 30 lókè àti 60 nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè tẹ̀ wọlé ní ìpele-ìpele. Ibi ìfarakàn náà kò gbọdọ̀ dín sí mílímítà kan, kò sì gbọdọ̀ ju mílímítà 1.4 lọ. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, ọwọ́ gbà á. Ọ̀gá fi ìlọ́, ìpara oníyanrìn tó kúnná, sí etí fáàfù, ó fi ọ̀pá olórí rọ́bà fa orí fáàfù náà mú, ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i síwá-sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ń dún háhá-háhá nígbà àkọ́kọ́, ó ń rọlẹ̀ bí etí méjèèjì ti ń bára mu. Nígbà tó nu ún, òrùka aláwọ̀ eérú kan ti yí etí fáàfù ká, ó ṣe déédéé, kò já níbì kankan. Ó to gbogbo rẹ̀ padà, ó da kẹrosíìnì sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ó sì fi í sílẹ̀. Kò sí èyí tó jò sínú ọ̀nà.

Sikíìmù ni gbogbo ayé gbàgbọ́ pé ó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún Orobo yìí. Ìfúnpọ̀ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ jẹ́ 9.5 sí 1. Bí sìlíńdà kan bá gba 541 cc, àyè tó kù lókè písítìnì nígbà tó bá gòkè tán jẹ́ nǹkan bíi 63.6 cc. Ìbú sìlíńdà náà jẹ́ mílímítà 87. Bí wọ́n bá yọ ìdajì mílímítà kúrò lójú tọ́ọ̀pù, àyè náà lè dín kù ní nǹkan bíi 3 cc, ìfúnpọ̀ á sì di nǹkan bíi 9.9. Ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òfin ooru ṣírò èrè rẹ̀, ó ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ díẹ̀ ni. Nínú agbára ẹṣin 130, kò tó méjì. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé sikíìmù nìkan ti náwó sí ibi tí èrè kéré sí, ó sì ti ra ewu mọ́ ọn.

Ewu náà ni pé ìfúnpọ̀ tó ga ń béèrè epo tó dára. Bí epo kò bá dára, yóò máa bú gbàmù kí pílọ́ọ̀gì tó ràn án tán, ẹ́ńjìnnì á sì máa kan ko-ko-ko bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Port Harcourt tí ilé ìfọpo Alesa-Eleme ti wà láti ọdún 1965 ni ìlú tí epo kpo-fire, èyí tí wọ́n ń sè nínú igbó ẹ̀bá omi, ti ń wọ ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 pẹ̀lú, epo tí methanol ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà láti òkè òkun, ó sì ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́. Ẹni tí kò mọ irú epo tí yóò rà lọ́la kò gbọdọ̀ gbé ìfúnpọ̀ sókè púpọ̀. Ọ̀gá ní kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ yọ ìwọ̀n tí ojú náà fi máa tẹ́jú péré, kó má fi ohunkóhun lé e. Kí ó tó gbé e jáde, ó ti fi sánńpépà pa gbogbo ìkángun mímú inú yàrá iná, torí ibẹ̀ ni irin tínrín ti máa ń pọ́n, tí ó sì ń ran epo kí àsìkò tó tó.

Nígbà tí tọ́ọ̀pù padà dé, Ọ̀gá fi gíríìsì díẹ̀ lẹ ike pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara mọ́ ojú yàrá kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi síríńjì fún kẹrosíìnì wọlé láti ihò kékeré kan títí tí kò fi sí afẹ́fẹ́ mọ́ nínú rẹ̀, ó ń kọ iye cc sára páálí. Yàrá kejì gba díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Ó kúkú mú àwọn mẹ́ta tó kù, ó fi sánńpépà fẹ̀ wọ́n dé ibi tí kejì dé.

Àwọn irin pẹlẹbẹ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan wá gba ọ̀sán ọjọ́ kan gbáko. Bí ìjókòó ti jẹ wọlé, fáàfù ti gòkè, àlàfo tó wà láàárín kámúṣáàfù àti irin pẹlẹbẹ sì ti dín. Fún àbáwọlé, ó yẹ kó wà láàárín mílímítà 0.19 sí 0.29 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Fún àbájáde, 0.28 sí 0.38. Bí kò bá sí àlàfo, fáàfù kò ní lè pa dé tán bí ó bá gbóná, gbogbo iṣẹ́ ìlọ́ á sì jóná. Ikokwu ni wọ́n ti rí àwọn pẹlẹbẹ tó tínrín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nínú agolo kan tí oníṣọ́ọ̀bù ń da tokunbo sí. Ọ̀gá sì ń fi máíkírómítà wọ̀n wọ́n níkọ̀ọ̀kan lórí káńtà.

Wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Wọ́n fún bóòtù mẹ́wàá náà láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ìpele-ìpele, dé 49 Nm lórí sípánà oníwọ̀n, wọ́n sì tún yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin àyíká. Omi tí wọ́n rọ sínú rédíétọ̀ kì í ṣe ti bóòhóòlù mọ́; coolant ni, wọ́n sì ti dán fáànù wò.

Bí wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà gba Aba Road, ohun tó yàtọ̀ kò hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nísàlẹ̀ 3,000, Orobo náà ń rìn bó ti ń rìn, ó kàn rọ̀ sí i ni, kò sì gbọ̀n mọ́ bí ó bá dúró. Nígbà tí títì là ní ìkọjá Garrison, tí wọ́n fi í sí jíà kẹta, tí ènìyàn mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tí AC sì ń fẹ́, ìyàtọ̀ jáde láti 4,000 lọ sókè. Níbi tó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, tí ariwo ń pọ̀ tí eré kò pọ̀, ó ṣì ń fà. Wọ́n bá a gun fláì-ófà, wọn ò gbọ́ ko-ko-ko kankan. Ọ̀gá ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí òun tún wọn àlàfo fáàfù, nítorí fáàfù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ máa ń jókòó sí i díẹ̀, kí òun sì tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò bóyá àwọ̀ wọn jọra.